Ọwọ́ Ta Ni Súìṣì Wà? Bí Ìpele Ìrọ̀rùn Ṣe Dé Inú Géèmù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Panṣẹ́kẹ́ tí a máa ń sá lọ tí iléèwé bá ti parí. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àti pádì méjì tí wáyà ọ̀kan ti já tí wọ́n fi téèpù dúdú so, àti bẹ́ǹṣì pákó gígùn kan. Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, agolo mílíìkì tó ń kó owó sí wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Contra, géèmù oníbọn kan, ni gbogbo wa ń fẹ́. Owó tí o bá san, ẹ̀mí mẹ́ta ló rà fún ọ. Tí ẹ̀mí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tán, kí o dìde fún ẹlòmíì. Èmi kì í pẹ́ dìde. Ọta kan péré ti pa mí. Bí mo bá sì yè é, afárá á bú gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé ibi omi tó ń já láti orí àpáta, ìyẹn apá kẹta géèmù náà. Òjò ńlá ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù. Odindi sáà kan ni mo fi ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì.

Bọ̀ọ̀dá tìkára rẹ̀ kì í kú tán. Tí ọjà bá dá, á dìde, á fi ẹ̀yìn bo pádì, a ó kàn máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lára bọ́tìnnì. Ìgbà tó bá jókòó, á kú, á tún kú, géèmù ò ní lé e. A rò pé ó lóògùn ni. Ọmọ kan tó ti Èkó wá lo ìsinmi ló tú àṣírí rẹ̀ fún wa: òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Ọgbọ̀n ẹ̀mí! Ọjọ́ tí mo dán an wò lójú bọ̀ọ̀dá, ó já pádì gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n kógbá wọlé ni?"

Ọ̀rọ̀ owó ló sọ, ibi ọ̀rọ̀ owó náà sì ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bí géèmù líle kan bá jáde, àwọn èèyàn á máa bá ara wọn jà lórí bóyá ó yẹ kó ní ìpele ìrọ̀rùn, ìyẹn ètò tí ẹni tí géèmù le jù fún lè yàn kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé àwọn ọ̀lẹ ayé òde òní ló bí i. Irọ́ gbuu. Súìṣì tó ń mú géèmù le tàbí rọ̀ ti wà láti àárọ̀ ọjọ́. Ọwọ́ ẹni tó wà ló ń yí padà.

Ní ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ Taito ní Jàpáánì gbé Space Invaders jáde. Tomohiro Nishikado ló ṣe é. Àwọn àjèjì láti òfuurufú, 55, tò ní ìlà márùn-ún, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá ọ. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò lágbára tó láti tètè ya àwòrán gbogbo wọn. Nítorí náà, bí o bá ṣe ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń fúyẹ́ lórí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó kù ń yára sí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù nìkan, eré àsápajúdé ló ń sá. Nishikado rí i pé ó dùn bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Àìlágbára ẹ̀rọ ló mú géèmù náà máa le sí i bí o ṣe ń lọ, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó gbèrò rẹ̀.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ náà pawó, àwọn ní tiwọn gbèrò dáadáa. Àpótí ńlá ni géèmù nígbà náà, ó ń dúró ní ilé ọtí àti ilé eré, o máa ju owó ẹyọ sínú rẹ̀ kí o tó ṣeré. Bí Pac-Man ṣe dé ní 1980, àwọn súìṣì wẹ́wẹ́ bí eyín ọmọdé wà lórí pátákó tó wà nínú àpótí rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ó lè yàn bóyá ẹ̀mí 1, 2, 3 tàbí 5 ni owó rẹ máa rà. Ó lè yàn bóyá o máa gba ẹ̀mí ẹ̀bùn ní máàkì 10,000, tàbí 15,000, tàbí 20,000, tàbí kó má fún ọ rárá. Ìwọ tó ń ṣeré kò rí súìṣì kankan. Àwọn ọmọ tó ti mọ géèmù dunjú, tí wọ́n ń fi owó ẹyọ kan dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú, olówó lè ṣí àpótí lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, kó yí nǹkan padà. Tí wọ́n bá padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rò pé ọwọ́ àwọn ló wúwo.

Bọ̀ọ̀dá Panṣẹ́kẹ́ kò rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Owó ló kọ́ àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kí Pac-Man tó dé ni wọ́n ti yọ súìṣì náà síta níbòmíì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, Atari ní Amẹ́ríkà tà ẹ̀rọ géèmù tí èèyàn lè gbé wọ pálọ̀ rẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Atari 2600. Súìṣì mẹ́fà ló tò síwájú rẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ti ìnira, ọ̀kan fún ẹni tó jókòó lápá òsì, ọ̀kan fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi tirẹ̀ sí A, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á fi tirẹ̀ sí B. Nígbà tí Space Invaders wọ ẹ̀rọ náà ní 1980, ẹni tó bá wà ní A, ìbọn rẹ̀ á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ọta ọ̀tá á sì tètè bà á.

Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà ju ibòmíràn lọ. Súìṣì méjì! Bàbá lè wà ní A, kí ọmọ wà ní B, kí wọ́n sì máa ja ìjà kan náà lórí ẹní kan náà. A ti ní orúkọ fún àwọn méjèèjì kí Atari tó dáyé: nídìí ayò, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n ń pa. Bàbá tó bí ìyá mi máa ń bá mi tayò lójúde rẹ̀ ní Ìtòkú. Kò bù lára ọmọ ayò fún mi rí, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n pa òun. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ kó ọmọ ayò ní ilé tí kò yẹ, á wúkọ́. Màá gbọ́wọ́ kúrò, màá tún inú rò. Ikọ́ yẹn ni B tèmi. Tí ọ̀tayò ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dé, àyà bàbá á yá pátápátá.

Ní 1980 kan náà ni Atari tún ẹ̀rọ náà ṣe, ni wọ́n bá kó súìṣì ìnira méjèèjì lọ sẹ́yìn. Ó dà bíi pé ojú ti ń ti ẹnì kan.

Àṣírí bọ́tìnnì bọ̀ọ̀dá náà ní bàbá tó bí i. Kazuhisa Hashimoto ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ Konami ni, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Contra. Ní 1986, ó ń gbé géèmù Gradius kúrò nínú àpótí olówó ẹyọ wá sínú ẹ̀rọ ilé, ó sì gbọ́dọ̀ máa dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Géèmù náà le jù fún un. Ló bá fi bọ́tìnnì àṣírí sínú rẹ̀ tó máa ń kó gbogbo ohun ìjà fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó to àwọn bọ́tìnnì náà lọ́nà tí ìka rẹ̀ ò fi ní gbàgbé. Géèmù jáde síta tòun tàṣírí. Nígbà tí Contra dé sínú ẹ̀rọ ilé ní 1988, àṣírí kan náà ló ń fúnni ní ọgbọ̀n ẹ̀mí. Hashimoto kú ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn àgbàlagbà káàkiri ayé sì ń kọ òkè-òkè-ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀ láti fi dárò rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: òṣìṣẹ́ tó ń ṣe géèmù náà ló kọ́kọ́ nílò ìrọ̀rùn.

Ọdún 1986 yẹn náà ni Nintendo, ilé-iṣẹ́ géèmù ní Jàpáánì, ṣe géèmù Super Mario Bros. 2 fún àwọn ará Jàpáánì. Ẹ̀ka wọn ní Amẹ́ríkà gbà pé ó ti le jù, wọn ò tà á níbẹ̀. Géèmù mìíràn ni wọ́n fi orúkọ yẹn sọ. Ọdún 1993 kí ojúlówó rẹ̀ tó dé ọwọ́ wọn. Odindi orílẹ̀-èdè ni wọ́n yan ìrọ̀rùn fún láì bi wọ́n léèrè.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gàn wọ̀ ọ́. Ní Wolfenstein 3D, ọdún 1992, o máa yan ìpele lójú kọ̀ǹpútà kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọ̀ jù, orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá á jẹ́ "Dádì, ṣé mo lè ṣeré?", wọ́n sì ya jagunjagun náà pẹ̀lú fìlà ọmọ ọwọ́ lórí àti rọ́bà ìfàmu lẹ́nu. Ninja Gaiden Black ti 2005 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ń kú lákùúìdúró, á bi ọ́ bóyá o fẹ́ di Ajá Nínjà. Tí o bá gbà, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọ lápá kí gbogbo ayé lè rí i. Ajá! Ní ìlú wa níbí, èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé baálẹ̀. Ìrọ̀rùn ti dọ̀fẹ́, àmọ́ ìtìjú ni wọ́n fi dípò owó.

Nintendo gbìyànjú láti tún un ṣe ní 2009: tí o bá kú nígbà 8 lójú kan nínú New Super Mario Bros. Wii, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ ewé á yọ, tí o bá lù ú, Luigi, àbúrò Mario, á bá ọ ṣe é dé òpin.

Ọdún yẹn kan náà ni géèmù Demon's Souls ti ilé-iṣẹ́ FromSoftware dé, Hidetaka Miyazaki ló darí rẹ̀. Dark Souls tẹ̀lé e ní 2011. Kò sí ìpele kankan láti yàn nínú wọn, ìyà kan náà ni fún ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń fi èyí yangàn máa ń gbójú fo nǹkan kan. Miyazaki ti sọ ọ́ rí pé ọkọ̀ òun kọ̀ lórí òkè kan nígbà tí yìnyín bo ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn òun náà kò lè gòkè, ni wọ́n bá ń ti ara wọn láti ẹ̀yìn títí tí wọ́n fi gun òkè. Kò lè dúró dúpẹ́, torí tó bá dúró, ọkọ̀ á tún kọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i bí àjèjì á ṣe máa yọ sí ọ nínú géèmù rẹ̀, á gbèjà rẹ, á sì pòórá láìsọ orúkọ. Ẹni tó bá ti bá wọn ti dánfó rí lójú òkè Abẹ́òkúta lásìkò òjò mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Ìpele ìrọ̀rùn wà nínú Dark Souls. Èèyàn ni.

Sekiro, géèmù FromSoftware mìíràn ti oṣù kẹta ọdún 2019, wá yọ èèyàn náà kúrò. Ìwọ nìkan, idà rẹ, àti ọ̀tá. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà kò tíì parí. Àwọn kan ní ẹni tó se ọbẹ̀ ló mọ iye ata tó fẹ́, kí ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ gba ilé oúnjẹ míì lọ. Mi ò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín. Alẹ́ mẹ́rin ni ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Genichiro fi lù mí nínú géèmù yẹn, iná sì lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó kù díẹ̀ kí n pa á. Ọjọ́ tí mo pa á, igbe tí mo ké jẹ́ kí aládùúgbò mi kanlẹ̀kùn pé, "Ṣé kò sí o?" Mi ò lè ké bẹ́ẹ̀ ká ní ó rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi kan wà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè tètè tẹ nǹkan. Ó mọ ìtàn Sekiro jù mí lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ti wò níbi tí ẹlòmíì ti ń ṣe é. Ata tí wọ́n ń sọ yẹn, òun kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi omi díẹ̀ la ti inú àwo òun.

Ohun tí Celeste sì ṣe nìyẹn ní 2018, ọdún kan ṣáájú ìjà náà. Ọmọbìnrin kan tó ń gun òkè ni géèmù ọ̀hún, ó le bí ojú ẹja. Àwọn tó ṣe é, Maddy Thorson àti Noel Berry pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, fi ètò ìrànwọ́ sínú rẹ̀: o lè dín eré géèmù kù títí dé ìdajì, o lè ní agbára tí kì í tán, o sì lè sọ pé kí ikú má pa ọ́. Kò sí fìlà ọmọ ọwọ́, kò sí ríbọ́ọ̀nù. Àpáta Olúmọ náà ní àtẹ̀gùn, wọ́n sì ṣe lífútì sí i fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Mi ò tíì pàdé ẹni tó gba ojú àpáta gòkè tó wá ń sunkún pé lífútì ba ìgòkè òun jẹ́.

Ní 2020, The Last of Us Part II kó ètò ìrànwọ́ tó lé ní 60 jọ, débi pé ẹni tí kò ríran lè fi etí ṣe é parí. Lies of P láti Korea, tó tẹ̀lé ipasẹ̀ Dark Souls tó sì jáde láìní ìpele ní 2023, fi ìpele sí i ní 2025.

Mo pàdé bọ̀ọ̀dá Panṣẹ́kẹ́ láìpẹ́ yìí ní Kútọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Lẹ́yìn tí mo kí i tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọgbọ̀n ẹ̀mí dù mí nígbà yẹn o." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú.

Ó ní, "Ìwọ! Lọ́jọ́ òjò yẹn, tí o dé ibi omi, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́ fún ọ kí n tó gbé pádì fún ọ? Ìwọ ò tiẹ̀ ka iye ìgbà tí o kú."