Ìpààrọ̀ hítà afoorupamọ́ nílẹ̀ Bìrìtéènì

Hítà afoorupamọ́, tí wọ́n ń pè ní storage heater nílẹ̀ Bìrìtéènì, jẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru tó ń lo iná mànàmáná ní òru, tó sì ń tú ooru náà sínú ilé lọ́sàn-án. Inú rẹ̀ kún fún bíríkì tó wúwo, tí irin agbóná gba àárín wọn kọjá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn bíríkì yìí lè gbóná kọjá ìwọ̀n 600 Celsius, wọn a sì máa tutù díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí òkúta ààrò ṣe máa ń móoru pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ igi kúrò nídìí rẹ̀. Àtipààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a gbé ọ̀kan kúrò kí a gbé òmíràn síbẹ̀ lásán, nítorí hítà, mítà, wáyà àti iye owó iná ni wọ́n jọ ṣètò papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1980 ni hítà yìí gbilẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ń wá ẹni tí yóò lo iná lóru, nítorí kò rọrùn láti máa pa àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń lo èédú lálẹ́ kí a tún máa tàn wọ́n láàárọ̀. Ní 1978 ni ètò Economy 7 bẹ̀rẹ̀, èyí tó fún àwọn oníbàárà ní wákàtí méje tí iná yóò fi dínwó lóru. Ìjàǹbá ilé gogoro Ronan Point náà ní ọwọ́ nínú bí hítà yìí ṣe gbilẹ̀: ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàmù nínú ilé alájà 22 yìí ní ìlà-oòrùn London, igun ilé náà kan wó lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti fẹ́ gáàsì mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé gogoro, tó fi jẹ́ pé iná mànàmáná nìkan ni wọ́n fi ń mú wọn móoru.

Ẹ̀sùn tí àwọn tó ń lò ó ń fi kàn án kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tóbi. Ilé a máa gbóná jù láàárọ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé, yóò sì ti tutù ní alẹ́ tí gbogbo ẹbí padà dé. Onílé sì ní láti mọ lónìí bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la, kí ó tó yí bọ́tìnì tó ń pinnu iye ooru tí bíríkì yóò gbà lóru.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wáyé jù ni ọ̀rọ̀ wáyà àti owó iná. Lọ́pọ̀ ilé, àwọn hítà àtijọ́ ní àpótí fíúsì tiwọn, tí iná kì í dé àfi lóru. Bí a bá so hítà pẹlẹbẹ tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀ mọ́ wáyà yẹn, òru nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́. Bí a bá sì so ó mọ́ wáyà gbogbogbò ṣùgbọ́n tí a kò kúrò nínú Economy 7, iye owó ọ̀sán, tó sábà máa ń wọ́n ju ti ètò tí iye owó rẹ̀ kì í yàtọ̀ lọ́sàn-án àti lóru lọ, ni a ó máa san. Àwọn tó ń ta hítà tuntun a máa polongo pé gbogbo iná tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń di ooru. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti àtijọ́ rí, nítorí náà ìpolongo yìí kò sọ ohunkóhun nípa owó tí a ó san.

Ọ̀rọ̀ mítà tún wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn mítà àtijọ́ kan ń gba àṣẹ láti orí ìgbì gígùn rédíò BBC tí Radio 4 ń lò, òun ló ń sọ fún wọn ìgbà tí iná olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò yìí rẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó sọ ìpààrọ̀ mítà di dandan fún àwọn ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ètò òru lè ra hítà afoorupamọ́ ìgbàlódé. Ohun tí wọ́n fi bo bíríkì rẹ̀ ń dá ooru dúró dáadáa, fáànù ló ń fẹ́ ooru jáde nígbà tí a bá fẹ́, ó sì ń ṣírò fúnra rẹ̀ iye tí ó yẹ kí ó gbà. Irú rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ wáyà méjì, ọ̀kan fún òru, èkejì fún gbogbo ìgbà. Jámánì pàápàá, tó ṣe òfin ní 2009 láti mú hítà afoorupamọ́ kúrò nílé, fagi lé òfin náà ní 2013.

Ẹ̀rọ heat pump ló ń dín iná kù jù, nítorí inú afẹ́fẹ́ ìta ló ti ń fa ooru wọlé; yúníìtì iná kan lè mú nǹkan bíi yúníìtì ooru mẹ́ta wá. Èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú yàrá kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn ará Èkó mọ̀, àfi pé a yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Èyí tó ń lo omi nílò páìpù àti rédíétọ̀ (irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá), ilé tó ti ń lo hítà afoorupamọ́ kì í sì í ní wọn, nítorí náà ìnáwó rẹ̀ pọ̀. Ní England àti Wales, ìjọba ń fi £7,500 ṣe ìrànwọ́ fún irú èyí láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ní ilé alájà, àyè tí a ó gbé apá tó wà níta sí àti ìyọ̀ǹda onílẹ̀ lè dí ètò náà lọ́wọ́.

Láti yọ hítà àtijọ́, a gbọ́dọ̀ pa iná rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí a sì kó bíríkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé àpótí rẹ̀. Díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 1970 sí 1980 ní asbestos nínú, ìyẹn èròjà kan tí iná kì í jó, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó wà nílé kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdè rẹ̀.