Wọ́n ní gíláàsì ló ń pe olè: ohun tó yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ nípa ilẹ̀kùn alumíníọ́mù

Kí èèyàn máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ní Fọlágbádé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ní Àkárìgbò ní Ṣágámù, kó wá ní ilẹ̀kùn alumíníọ́mù onígíláàsì lòun fẹ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ fún un pé ó ń fi ọjà rẹ̀ lé olè lọ́wọ́. Wọ́n á ní alumíníọ́mù fúyẹ́, wọ́n á ní òkúta kan ṣoṣo ló máa fọ́ gíláàsì. Torí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ a ṣe ilẹ̀kùn tó rẹwà tán, wọ́n a tún pe wẹ́dà kó fi géètì irin bò ó, pẹ̀lú àgádágodo ńlá méjì. Owó ń lọ, ibi tó yẹ kó lọ kọ́ ló ń lọ.

Lóòótọ́ ni alumíníọ́mù fúyẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin, ó sì ń tẹ̀ ju irin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta bí ìrísí àti nínípọn wọn bá dọ́gba. Àwọn tó ń ṣe ilẹ̀kùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe férémù rẹ̀ pẹlẹbẹ: wọ́n á mú un fẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo, kó lè le. Kì í sì í dípẹtà bí irin tí òjò Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń jẹ nídìí.

Gíláàsì ń kọ́? Kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èyí tó wà lójú fèrèsé àtijọ́ ń fọ́ sí ẹ̀là gígùn tó ń gé èèyàn, kò yẹ lójú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní tempered le tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, àmọ́ bó bá fọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń dà sílẹ̀ wóró-wóró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á sì tà á fún yín pé gíláàsì ààbò ni. Ààbò ni, ààbò lọ́wọ́ ọgbẹ́. Kì í ṣe lọ́wọ́ olè. Èyí tó ń dá olè dúró ni laminated, gíláàsì méjì tí wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara lẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó bá ní jàǹbá lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bẹ́nì: gíláàsì iwájú á sán, àmọ́ á dúró, nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ á ti dà sílẹ̀. Laminated ni ti iwájú. Tempered ni ti ẹ̀gbẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Afọ́lé lè la laminated kọjá o, àmọ́ á pẹ́ lórí rẹ̀, á sì pariwo.

Kọ́kọ́rọ́ lọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù, torí òun la kì í bèèrè. Bó ti wù kí wọ́n mú férémù fẹ̀ tó, apá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé, sábà máa ń tín-ín-rín. Bí irin tó ń jáde láti inú kọ́kọ́rọ́ bá kúrú, olè kò ní fọwọ́ kan gíláàsì: á ki ọ̀pá irin bọ àárín ilẹ̀kùn àti férémù, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, irin náà á yọ. Kọ́kọ́rọ́ tó yẹ irú ilẹ̀kùn yìí ni èyí tí irin rẹ̀ gùn, tàbí èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, tó ń há férémù kejì mú. Sílíńdà, ibi tí ẹ ti ń ki ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ní ihò sukúrúù láàárín, ibẹ̀ ni kò lágbára. Bó bá yọ síta ju mìlímítà 3 lọ, olè á fi ẹ̀mú gbá a mú, á ṣẹ́ ẹ, á sì yí ohun tó kù nínú. Ẹ ní kí wọ́n fi sílíńdà tí wọ́n ṣe kó lè jẹ́ pé iwájú rẹ̀ nìkan ló máa kán sí i, kí èyí tó kù lè ṣì ti ilẹ̀kùn pa. Bí ilẹ̀kùn bá sì ní tempered, tí kọ́kọ́rọ́ inú jẹ́ ti àfọwọ́yí, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí láìlo ọmọ kọ́kọ́rọ́, olè fọ́ gíláàsì, ó nawọ́ wọlé, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn.

Ẹ bojú wo ògiri pẹ̀lú. Sukúrúù tí wọ́n bá gbá sínú búlọ́ọ̀kù oníhò kò di nǹkan kan mú. Ẹ ní kí bíríkìlà da kọnkéré kún ihò ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó gbé férémù wá. Alumíníọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó di gíláàsì mú, apá inú ni kó wà, kí ẹnikẹ́ni má baà tú u láti ìta.

Ní ti géètì irin náà, bí wọ́n bá fi àgádágodo tì í níta mọ́ ọmọ iṣẹ́ tó sùn sínú ṣọ́ọ̀bù, tí iná bá wá ń jó ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un. Ilẹ̀kùn tó ní laminated àti kọ́kọ́rọ́ àfọwọ́yí nínú, ẹni tó wà nínú lè ṣí i nínú òkùnkùn láìwá ọmọ kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ géètì dandan, ẹ ṣe é kí ó ṣeé ṣí láti inú, kí ẹ sì fi owó àgádágodo kejì kún owó sílíńdà.