Eskandar Firouz

Eskandar Firouz (1926–2020) jẹ́ aláàbò ẹranko ìgbẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Ìránì. Òun ni olórí àkọ́kọ́ fún Iléeṣẹ́ Àyíká ti ìjọba Ìránì. Òun náà ló ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí Àdéhùn Ramsar ní 1971, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ààbò àbàtà, ọ̀sà àti adágún omi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Shiraz ní gúúsù Ìránì ni wọ́n bí i sí. Ìdílé Farmanfarma ló ti wá, ẹ̀ka kan lára ìran Qajar tó jọba Ìránì títí di 1925. Ó kàwé ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ Iran Ala, ọmọ Hossein Ala tó ti ṣe olórí ìjọba lábẹ́ Ọba Mohammad Reza Shah. Ìdílé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì lásán nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dé ààfin kò lè gba ilẹ̀ ńlá sílẹ̀ fún ẹranko.

Ọdẹ ni Firouz fúnra rẹ̀, àwọn ọdẹ ló sì kọ́kọ́ figbe ta. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ jíìpù wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ tí ẹlẹ́ṣin kì í lè la já lóòjọ́. Èsúwó tó máa ń sá mọ́ ẹṣin lọ́wọ́ kò lè sá mọ́ jíìpù lọ́wọ́, nítorí pé ibi tó tẹ́jú ló ń gbé, kò sí igi tó lè sá pamọ́ sí. Ní 1956 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ọdẹ sílẹ̀, tí òfin ọdẹ àkọ́kọ́ sì jáde. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òfin ka pípa ṣítà léèwọ̀. Ṣítà ni ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ àmọ̀tẹ́kùn, èyí tó jẹ́ pé Ìránì nìkan ni irú ti Éṣíà ṣẹ́ kù sí lónìí.

Òfin, ilẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́

Ní 1967, iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọdẹ àti ẹja rọ́pò Ìgbìmọ̀ Ọdẹ, Firouz sì di olórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iléeṣẹ́ náà di Iléeṣẹ́ Àyíká, òfin 1974 sì fún un ní agbára lórí ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ńlá, omi àti afẹ́fẹ́, yàtọ̀ sí ẹranko. Firouz wà níbẹ̀ títí di 1977.

Ọ̀nà mẹ́rin ni òfin náà pín ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ sí. Ọgbà orílẹ̀-èdè ló le jù: kò sí ọdẹ, kò sí jíjẹko ẹran ọ̀sìn, kò sí gígé igi. Ibi ìsádi ẹranko wà fún irú ẹranko kan pàtó. Ilẹ̀ àbò gba darandaran láyè, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìkẹrin jẹ́ ti ohun kékeré tó ṣọ̀wọ́n, bí igi arúgbó kan tàbí orí òkè kan. Ọgbà Golestan ní àríwá ìlà-oòrùn, tó lé ní 90,000 héktà, ni ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́. Ní 1976, UNESCO gba ibi mẹ́sàn-án ní Ìránì lẹ́ẹ̀kan náà sí àkójọ àwọn ilẹ̀ alààyè tó fẹ́ kí a pa mọ́. Lára wọn ni Golestan, Touran, Miankaleh, Adágún Urmia, àti Hara, igbó ẹ̀gbà inú omi iyọ̀ lẹ́bàá erékùṣù Qeshm.

Ìnira ibẹ̀ kò sí nínú kíkọ òfin. Ní ilẹ̀ tí òjò kì í pọ̀, orísun omi ni gbogbo nǹkan. Níbi tí omi bá ti sun, ibẹ̀ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́, èsúwó àti àgùntàn òkè ń bọ̀ wá mu, ibẹ̀ náà sì ni darandaran ń da agbo rẹ̀ lọ. Bí agbo bá dó ti omi, ajá olùṣọ́ àgùntàn á máa lé ẹran ìgbẹ́, á sì máa pa ọmọ wọn. Ẹran ìgbẹ́ tí kò rí omi mu lọ́sàn-án á wá lóru, àsìkò tí ọdẹ afínràn ń dúró dè é. Àgùntàn ilé tún máa ń kó àrùn ran ti òkè. Àrùn PPR, àjàkálẹ̀ àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn, ti pa ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ àti àgùntàn ìgbẹ́ ní Ìránì láti ìgbà tí ọ̀rúndún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó sọ pé wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ta ló ni koríko sí, kí wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ omi. Ilẹ̀ tó wà lórí máàpù nìkan kò gba ẹranko kankan là.

Àgbọ̀nrín Páṣíà

Wọ́n ti gbà pé àgbọ̀nrín Páṣíà ti run títí tí wọ́n fi tún rí díẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nínú igbó etí odò Dez àti Karkheh ní Khuzestan. Wọ́n mú díẹ̀ lọ sí ọgbà ẹranko ní Kronberg ní Jámánì. Nígbà tó yá, wọ́n kó díẹ̀ mìíràn lọ sí Dasht-e Naz nítòsí Sari, ní àríwá Ìránì, wọ́n sì mọ ọgbà yí igbó tí kò ju nǹkan bí 55 héktà lọ ká fún wọn.

Ìwọ̀nba ẹran péréte ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ìbátan ló ń gun ìbátan, bẹ́ẹ̀ ni àrùn kan ṣoṣo tó bá wọ ọgbà náà lè pa gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó apá kan lọ sí erékùṣù Ashk láàárín Adágún Urmia: omi iyọ̀ ni ọgbà wọn níbẹ̀. Ọgbọ́n náà dára títí tí adágún fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní ìparí 1978, nígbà tí Firouz ti kúrò nípò, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé abo mẹ́rin láti Dasht-e Naz lọ sí Ísírẹ́lì. Àwọn yìí àti àwọn ti Jámánì ni wọ́n fi bí agbo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú sínú igbó níbẹ̀ ní 1996.

Ìpàdé Ramsar

Láti 1962 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ti ń wá àdéhùn lórí àbàtà, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó ń yé ẹyin ní Siberia ń lo ìgbà òtútù ní orílẹ̀-èdè míì. Bí ẹnì kan bá ṣọ́ ti ilé rẹ̀ tí ẹnì kejì gbẹ́ omi tirẹ̀ nù, asán ni. Ìpàdé Leningrad, ní Sófíẹ́tì, ní 1968 kò lọ bó ṣe yẹ, nítorí pé ọmọ ogun Sófíẹ́tì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Czechoslovakia. Ìránì, tó bá ìhà Sófíẹ́tì àti ìhà Ìwọ̀-oòrùn rẹ́, wá gba àlejò náà sí Ramsar, ìlú etí Òkun Kaspian. Aṣojú orílẹ̀-èdè 18 fẹnu kò ní ọjọ́ kejì Oṣù Kejì 1971, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 1975 ló di òfin, nígbà tí Gíríìsì wọ̀ ọ́ ní ìkeje.

Àdéhùn náà gbòòrò ju ohun tí orúkọ àbàtà ń sọ lọ. Oko ìrẹsì wà nínú rẹ̀, omi òkun tí kò jìn ju mítà mẹ́fà lọ nígbà tó bá fà sẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ ibì kan, ó kéré tán. Lára ohun tí wọ́n fi ń yan ibi: kí ẹyẹ omi 20,000 máa wá síbẹ̀ déédéé, tàbí kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún irú ẹyẹ kan máa wá. Ìdí nìyí tí kíka ẹyẹ fi ṣe kókó. Iléeṣẹ́ Firouz gba onímọ̀ ẹyẹ Derek Scott, tó ń ka ẹyẹ omi Ìránì ní àárín òtútù, nígbà tí ẹyẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣípò. Agbo ńlá ni ó ṣòro jù: bí ọkọ̀ ojú omi bá dà wọ́n rú, wọ́n á fò lọ sí apá kejì, a ó sì tún wọn kà. Kurukuru máa ń bò wọ́n, oòrùn sì máa ń mú kí àwọn tó jìnnà wárìrì lójú awò.

Àdéhùn náà dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Láti 2000 ni ọ̀sà Àjàṣẹ́, Adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin ti wà nínú àkójọ Ramsar. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 2001.

Lẹ́yìn 1979

Lẹ́yìn tí ìjọba Shah wó, wọ́n fi Firouz sẹ́wọ̀n fún ọdún díẹ̀. Agbára ẹ̀ṣọ́ já, àwọn ènìyàn sì wọ ilẹ̀ àbò pẹ̀lú ìbọn àti agbo ẹran. Ojú ilẹ̀ ọdẹ ọba ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó. Khosh Yeilagh, tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rí ṣítà jù, pàdánù èsúwó rẹ̀, ṣítà sì tẹ̀ lé e. Firouz padà sí ìwé kíkọ, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2005 lórí gbogbo ẹranko Ìránì.

Àwọn ibi tí Ìránì dárúkọ fún Ramsar ní 1975 ló wá jìyà jù. Ìsédò àti kànga oko fa omi tó yẹ kó wọ Urmia, adágún tó ti fẹ̀ tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ iyọ̀. Kànga ló gbẹ Adágún Parishan. Omi Hamun, àwọn adágún tó wà ní ìlà-oòrùn Ìránì, ń ti Afghanístàn wá, nítorí náà Ìránì nìkan kò lè dá a padà. Ní Anzali, àbàtà etí Òkun Kaspian, ewéko orí omi tó ń jẹ́ Azolla tí wọ́n kó wọ̀lú ní àwọn ọdún 1980 láti fi ṣe ajílẹ̀ ìrẹsì ló bo ojú omi, tí oòrùn kò fi dé ìsàlẹ̀ mọ́. Anzali àti Hamun wà nínú ìwé Montreux, àkójọ tí Ramsar ń kọ àwọn ibi tó ń bàjẹ́ sí. Kí orúkọ tó kúrò níbẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ohun tó ba ibẹ̀ jẹ́ ti dópin.