Z tá ò ní ló ń da "advice" àti "advise" pọ̀ mọ́ wa lójú

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá àwọn èèyàn tún lẹ́tà àti CV wọn ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, gírámà líle kọ́ ló sì ń bà wọ́n jẹ́ jù, àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra létí ni. "Their" àti "there", òyìnbó gan-an ń ṣì í kọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn tó ń dùn mí ni àwọn tí òyìnbó ò kà sí ìbejì rárá, àmọ́ létí tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ wo álífábẹ́ẹ̀tì wa, kò sí z, kò sí v, i kan ṣoṣo la sì ní. Tí etí wa bá gbọ́ z, ó ti di s nìyẹn, v náà á di f. Ẹ gbọ́wọ́ lé gògóńgò yín, kẹ́ ẹ pe ssss, kò ní mì, ẹ wá pe zzzz, á máa gbọ̀n. Ìyàtọ̀ "advice" àti "advise" ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, c yẹn s ni wọ́n ń pè é, s yẹn z ni. Tí "your" bá lè ṣíwájú ẹ̀, ẹ kọ c, tó bá jẹ́ "to", ẹ kọ s. "Please advice me" ò dáa, "thanks for your advise" náà ò dáa.

"Lose" àti "loose" ńkọ́? "Lose" ni kéèyàn pàdánù nǹkan, z ló wà nínú ẹ̀, "loose" ni ohun tí ò fún, bíi ṣòkòtò tó tóbi jù. Ẹni tó kọ ọ́ sí ọ̀gá ẹ̀ pé "I don't want to loose this job", ṣe ló dà bíi pé kò fẹ́ tú iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ewúrẹ́ orí ìso.

Ti v náà wà ńbẹ̀, "pls safe my number" pọ̀ lórí WhatsApp, "save" ni o. (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ̀ ń pe "shop" ní "sop", ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tiyín máa gba ọjọ́ tiẹ̀.)

Ó ku i. "Live" kúrú, "leave" gùn, ẹ fẹ ẹnu bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó pè é. Tẹ́ ẹ bá kọ "I leave in Òṣogbo", ẹ ti ń kó ẹrù kúrò nílùú nìyẹn. "This" àti "these" tiẹ̀ kó àìsàn méjèèjì pọ̀, i kúrú àti s fún ẹyọ kan, i gígùn àti z fún púpọ̀.

Fóònù ò sì ní gbà yín, torí ọ̀rọ̀ gidi ni "loose", ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Èmi, tí mo bá ti parí lẹ́tà kan, mo máa ń lo "find" lórí kọ̀ǹpútà, màá wá "loose", "leave", "advise" àti "safe", màá wò wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan.