"Ṣé o ti commit?": bí Git ṣe ń tọ́jú kóòdù

Ní ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n ti ń kọ kóòdù ní Yaba, tí NEPA bá mú iná, kí ẹnikẹ́ni tó rántí jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan á ti bi ẹnì kejì pé: "Ṣé o ti commit?" Kì í ṣe "ṣé o ti save?" Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó save fáìlì ti fi tòní rọ́pò tàná, tàná ti lọ nìyẹn. Ẹni tó commit, orí tàná ló gbé tòní lé. Tàná ṣì wà nísàlẹ̀, ó sì ṣeé padà lọ bá. Git ni orúkọ irinṣẹ́ tó ń ṣe èyí. Àṣẹ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sí i lójú tẹ́mínà, ojú dúdú tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Kí Git tó dé ọwọ́ èèyàn, ẹ̀dà ló máa ń ṣe: ajo.py, ajo_tuntun.py, ajo_tuntun2.py, títí tó fi máa kan ajo_eyi_gan_an.py. Tó bá fi máa tó oṣù kan, kò sẹ́ni tó lè búra mọ́ pé èyí gan-an ni.

Ẹni tó bá ti rí bí alájọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọjà Òyìngbò ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì méjì ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá tó ń dájọ, ọ̀kan lọ́wọ́ alájọ. Àmì tí wọ́n bá fà sára ọ̀kan ni wọ́n ń fà sára èkejì. Tí òjò bá pa ti ìyá, ti alájọ ń bẹ. Àwọn irinṣẹ́ tó ṣáájú Git, bíi CVS àti Subversion, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, inú kọ̀ǹpútà kan láàárín ló sì ń gbé. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, kò sí commit. Ní ti Git, gbogbo ẹni tó bá fi git clone gba iṣẹ́ kan ló gba ìtàn iṣẹ́ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àfi tó bá dìídì ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun. Ọjà Òyìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Tí kọ̀ǹpútà kan bá kú láàárín àwọn tó ń fi Git ṣiṣẹ́, bákan náà ló rí.

Linus Torvalds, ọmọ Finland tó dá Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, ló kọ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BitKeeper ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ Linux ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fòpin sí ọ̀fẹ́ yẹn, Torvalds jókòó, ó kọ tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, ó fà á lé Junio Hamano lọ́wọ́, òun ló sì ń bójú tó o láti ìgbà náà.

Ká mú ètò kékeré kan tó ń ṣírò owó àjọ. Fáìlì kan péré ni, ajo.py. Nínú fódà tó wà, àṣẹ àkọ́kọ́ ni git init. Fódà mìíràn tó fara pamọ́ á yọ níbẹ̀, .git lorúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn máa wà. Ẹni tó bá pa .git rẹ́ kò pa ajo.py lára, ìtàn rẹ̀ ló pa.

Ohun tó kàn ló máa ń da orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ rú. Commit kì í mú fáìlì láti inú fódà lọ tààrà sínú àká, ìyẹn inú .git níbi tí ìtàn ń gbé. Apẹ̀rẹ̀ kan wà láàárín wọn. git add ajo.py ló ń sọ fáìlì sínú apẹ̀rẹ̀. git commit -m "Owo ojo kan ni ti alajo" ló ń da ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ sínú àká. Bí fáìlì náà sì ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí wọ́n tẹ add ló ṣe wọ apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó add ní aago méjì, tó tún ìlà kan ṣe ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó wá commit láìtún add, ti aago méjì ló wọ àká. Ìlà tuntun yẹn ṣì wà nínú fáìlì, ojú rẹ̀ ń rí i, ṣùgbọ́n kò sí nínú commit. git status ló ń tú àṣírí yìí: tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó commit, orúkọ ajo.py á jáde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní àwọ̀ ewé, lẹ́ẹ̀kan ní pupa. Aláwọ̀ ewé ti wọ apẹ̀rẹ̀, pupa ṣì wà nílẹ̀.

Nínú àká yẹn, kì í ṣe orúkọ tí èèyàn fún fáìlì ni Git fi ń dá a mọ̀. Git máa ń fi ìṣirò kan tó ń jẹ́ SHA-1 wo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́tà àti òǹkà 40 tó bá jáde, orúkọ ọmọ nìyẹn. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi Dàda tàbí Òjó: bó ṣe rí ló sọ ọ́. Fáìlì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ e69de29bb2d1d6434b8b29ae775ad8c2e48c5391, ì báà wà ní Èbúté Mẹ́ta, ì báà wà ní Tokyo. Nítorí èyí, tí fáìlì ọgọ́rùn-ún bá wà nínú fódà, tó sì jẹ́ ọ̀kan péré ló yí padà, Git kì í tún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù kó jọ. Orúkọ wọn ò yí, wọ́n ti wà ńlẹ̀. Síbẹ̀, àwòrán fódà lódindi ni commit kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí.

Commit fúnra rẹ̀ ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju orúkọ àwòrán fódà yẹn lọ, orúkọ commit tó bí i, ẹni tó kọ ọ́, àkókò, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i. Ẹni tó bá yí lẹ́tà kan padà nínú commit ìjẹta, orúkọ tìjẹta á yí. Orúkọ tìjẹta wà nínú tàná, tàná náà á yí. Tòní á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí èèyàn ò fi lè fọwọ́ rá inú ìtàn kó má hàn.

Ẹ̀ka, ìyẹn ojú ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ti lè ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀, wá rọrùn. git switch -c din-owo-ku, ẹ̀ka ti yọ. (Àwọn tó ti ń lo Git ṣáájú ọdún 2019 á sọ pé git checkout -b ni, kò sí ìjà níbẹ̀.) Fáìlì tíntìn báìtì 41 ni ẹ̀ka kan sábà máa ń jẹ́: orúkọ commit kan, àti òpin ìlà.

Ìjà wà níbi àtipa ẹ̀ka pọ̀. Alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ètò wa ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tún ìlà náà ṣe lórí main, ẹ̀ka tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó lè hàn pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀gbẹ́ni kan lórí ẹ̀ka din-owo-ku pín in sí méjì. Git á wá bàbá ńlá tó bí ẹ̀ka méjèèjì. Ìlà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, ti ẹni yẹn ni Git á mú, kò ní bi ẹnikẹ́ni. Ìlà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ kàn, á gbé e kalẹ̀ báyìí:

<<<<<<< HEAD
owo_alajo = onibara.owo_ojo
=======
owo_alajo = owo_ojo / 2
>>>>>>> din-owo-ku

HEAD ni Git ń pe ibi tí èèyàn dúró sí nínú ìtàn: òkè ni ti ẹ̀ka tí èèyàn wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ti àlejò. Ọ̀pọ̀ ń sá tí wọ́n bá rí èyí, bí ẹni rí ejò. Kò sí ohun tó bàjẹ́ o. Git ń sọ pé òun ò mọ iye tó yẹ kí alájọ mú ni, òótọ́ sì ló sọ. Kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ìlà tó tọ́, kí wọ́n pa àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, kí wọ́n add, kí wọ́n commit.

Títí dé ibí yìí, kò sí dátà tó jó. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ push (fi commit wọn ránṣẹ́) tàbí pull (gba ti ẹlòmíràn wá) ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀ ọ́, ohun tí ẹnì kejì ò ní nìkan ni Git sì ń fún pọ̀ ránṣẹ́. Tí ẹlòmíràn bá ti push ṣáájú, Git á kọ̀. Kí èèyàn kọ́kọ́ pull ni. Ẹni tó bá fi --force tì í wọlé lórí ẹ̀ka tí gbogbo wọn ń lò, iṣẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló gbá dànù.

Ohun tí wọ́n bá ti commit kì í sọnù kíákíá. Ẹni tó tẹ git reset --hard, tó dá ẹ̀ka àti fáìlì padà sí commit àtijọ́, tó sì kábàámọ̀, kó tẹ git reflog. Ibi gbogbo tí HEAD ti gbà kọjá wà níbẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni Git sì máa ń fi sílẹ̀ kó tó ro ti àtigbá èyí tí ẹ̀ka kankan ò mú dání mọ́. Èyí tí kò wọ apẹ̀rẹ̀ rí ni kò ní ibì kankan tí wọ́n ti lè wá a.

Ìrántí yẹn náà ló ń kó èèyàn sí wàhálà ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá commit ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì mọ́ ajo.py, tó push, tó wá pa ìlà náà rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e, inú ìtàn ló ṣì wà, ẹnikẹ́ni tó bá clone ló ní in. Kó yáa lọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn ní báńkì lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó máa ro bó ṣe máa nu ìtàn.