Ìpagbáramọ́ là ń ṣe, kì í ṣe "ìmúpadàbọ̀sípò"

"Ìmúpadàbọ̀sípò" ni ọ̀pọ̀ ń pe iṣẹ́ tí onífisiotẹ́rápì àtàwọn olùtọ́jú yòókù jọ ń ṣe fún ọmọ tó ní àrùn Duchenne, àìsàn àbímọ́ tó ń ba iṣan ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ ni orúkọ yẹn bá mu. Iṣan Duchenne tó bá ti di ọ̀rá, ó lọ nìyẹn. Òbí tí wọ́n ṣèlérí ìpadàbọ̀sípò fún yóò máa retí rẹ̀, bí kò bá sì rí i, yóò ní iṣẹ́ náà kò wúlò, yóò pa á tì. "Eré ìdárayá" tún burú jù, torí ó ń ti ọmọ sí àṣejù.

Ìpagbáramọ́, ìyẹn pípa agbára tó ṣì kù mọ́, ni mo fara mọ́. Àwọn kan ní ó dà bíi pé kí ọmọ jókòó gẹlẹtẹ. Rárá o. Owó tí a pa mọ́, à ń ná an, à kàn ń ṣọ́ ọ ná ni.

Iṣan ọmọ Duchenne kò ní dystrophin, èròjà tó ń dáàbò bo iṣan, ó wá dà bí aṣọ tí a kò gbá létí. Fà á tagbáratagbára, òwú rẹ̀ á máa tú. Ká a jù sínú àpótí, á hunjọ, kò ní ṣeé tẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí lílúwẹ̀ẹ́ fi dára, tí gbígbé irin, fífò àti sísọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn léraléra kò sì dára: iṣan tó ń nà lábẹ́ ẹrù ló ń ya jù. Bí ara bá ṣì ń ro ọmọ lọ́jọ́ kejì, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ó ti pọ̀ jù. Ti ìtọ̀ yẹn, dókítà ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ nínà, ọjọ́ 4 sí 6 lọ́sẹ̀. Jẹ́ kí orúnkún ọmọ nà gbọọrọ, fi àtẹ́lẹwọ́ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, fi apá rẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ró, kí o rọra fa gìgísẹ̀ náà wálẹ̀, kí o dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Àwọn tó ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ń ṣe lásán: àárín ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Ike tí wọ́n wọ̀n mọ́ ẹsẹ̀, tó ń mú ọrùn ẹsẹ̀ dúró ní ìwọ̀n dígírì 90, òru la ń wọ̀ ọ́. Ọmọ tó ṣì ń rìn kò gbọ́dọ̀ fi rìn, torí orí ọmọ ìka ló fi ń dọ́gba.

Sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ láti dẹwọ́ àrùn náà, ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Bí itan bá kán, tí ọmọ sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè má rìn mọ́ láéláé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni oníṣẹ́ abẹ egungun gbọ́dọ̀ bá onífisiotẹ́rápì sọ̀rọ̀, kí dókítà ọkàn yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kí apanilóorun mọ̀ pé suxamethonium, oògùn tó ń dẹ iṣan nígbà iṣẹ́ abẹ, jẹ́ èèwọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dá sítẹ́rọ́ọ̀dù dúró lójijì.