Kí Ló Dé Tí Owó Ṣíà Fi Ń Já Wálẹ̀ Bí Wọ́n Bá Pín Èrè?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ra ṣíà, ìyẹn ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ kan, ní 20 náírà kí n lè rí nínú èrè 2 náírà tí ilé-iṣẹ́ náà kéde. Bí ọjọ́ gbèdéke, tí ẹni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí nínú èrè náà, ṣe kọjá báyìí, 18 ni mo bá a. Ta ló kó owó mi?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó kó o. Ẹ jẹ́ ká ní kóló tí 20 náírà wà nínú rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti ní 2 náírà inú rẹ̀ di ti ẹni tó ni ín lónìí, ta ló máa rà á ju 18 lọ́la? Ní ọjà ìpín ìdókòwò Èkó, àwọn tó ń darí ọjà gan-an ló ń gé èrè náà kúrò lára iye ṣíà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rà á ló ń gé e. Lọ́dún 2004, Microsoft pín dọ́là 3 àti díẹ̀ lórí ṣíà kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, ṣíà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé dọ́là 30. Nígbà tí ọjà ṣí ní Mọ́ńdè, ó ti di 27 àti díẹ̀. Aburú kankan ò ṣe ilé-iṣẹ́ náà. Owó ló jáde.

Èyí tó máa ń dùn mí ni ti owó orí. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń yọ ìdá 10 nínú 100 kí èrè tó dé ọwọ́ yín. Náírà 2 ló já lára ṣíà, 1.80 ló wọlé, owó alágbàtà sì tún wà ńlẹ̀. Ẹ má sáré ra ṣíà tìtorí èrè ọ̀la nìkan.

Ìbéèrè: Tí ilé-iṣẹ́ bá wá ra ṣíà rẹ̀ padà, bí Dangote Cement ṣe ṣe nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ ńkọ́? Ṣebí èyí tó kù á wọ́n sí i?

Ìdáhùn: Rárá o. Èèyàn 10 dá 1,000 náírà kọ̀ọ̀kan sápò kan. Ẹnì kan gba 1,000 tirẹ̀ lọ. Ó ku èèyàn 9, ó ku 9,000. Tí wọ́n bá fi 800 lé e lọ, àwọn tó kù jèrè. Tí wọ́n bá fún un ní 1,200, àpò wọn ló ti jáde. Iye tí wọ́n fi rà á padà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ìbéèrè: Kí ló ń gbé owó ṣíà sókè nígbà náà, lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá kéde èrè tàbí pé òun fẹ́ ra ṣíà padà?

Ìdáhùn: Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló mọ ohun tó wà nínú àpò. Tí wọ́n bá láyà láti náwó ju bí ọjà ṣe rò lọ, ọjà á gbà pé nǹkan ń lọ dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 3 náírà ni gbogbo ayé ń retí, tí wọ́n wá kéde 2, ṣíà náà á já lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀.